Kẹ́ẹ̀gì Méjì Lẹ́nu Kòtò Wàsíù

Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Gbogbo yín lẹ mọ òwe yìí, ẹ sì ti fi ta àbúrò tàbí ìyekan yín kan lábùkù rí. Àmọ́ ta ni nínú yín tó ti jókòó rí, tó sọ pé, "Èmi gan-an ni aṣeni tí wọ́n ń wí"?

Adérógbà sọ ọ́. Ó wá bá mi nílé ní Bépanda, ládùúgbò wa ní Douala níbí, ní Kamẹrúùnù, ó ṣí fìlà lórí, ó ní kí n kọ ìtàn òun sínú ìwé ìròyìn yìí, kí n má sì bo orúkọ òun mọ́lẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rò ó dáadáa?" Ó ní ọdún méjì gbáko lòun ti fi ń rò ó. Ìdí tó fi fẹ́ kí n kọ ọ́, ẹ ó bá a nísàlẹ̀.

Mẹkáníìkì ni. Ọmọ Ìrágbìjí ni, ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan ní àdúgbò Deïdo ló ti kọ́ṣẹ́ kó tó ṣí gáréèjì tirẹ̀. Òun ló gba Wàsíù sọ́dọ̀, ọmọ ìlú rẹ̀ tó dé Douala tòun ti aṣọ díẹ̀ nínú àpò ìrẹsì. Ọdún mẹ́fà ni Wàsíù fi sìn ín. Ọdún mẹ́fà ló fi gbálẹ̀ gáréèjì náà.

Ilẹ̀ gbígbá yìí, ẹ má fojú kékeré wò ó. Bí ọ́ìlì bá dà sílẹ̀ lọ́dọ̀ Adérógbà, ìyẹ̀fun igi tí ayùn ń yọ lára pákó ni wọ́n ń dà lé e kó fà á mu, wọ́n á wá gbá a jọ sínú kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì àlòkù. Ọ̀dọ̀ Silas káfíńtà ni ìyẹ̀fun náà ti ń wá. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀, Silas á gbé àpò ìyẹ̀fun igi kan wá, á sì gbé kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì dúdú méjì lọ, ó ń fi í kun pákó kí ikán má baà jẹ ẹ́. Kò sí mẹkáníìkì mìíràn ní Bépanda tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Iyanrìn ni àwọn yòókù ń lò.

Ọjọ́ tí Wàsíù gba fíríídọ̀mù, Adérógbà gbé ọwọ́ lé e lórí, ó súre fún un, ó sì fún un ní sípánà kan. Ọ̀gá tirẹ̀ ní Deïdo ló fún òun náà nígbà tirẹ̀. Irin àtijọ́ ni, ọwọ́ ti pa nọ́ńbà ara rẹ̀ rẹ́.

"Ẹni tí mo bá fún ní èyí ni àrólé iṣẹ́ mi," ló sọ níwájú gbogbo èèyàn. Kì í ṣe ẹnu lásán. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà débi pé ó sunkún.

Lẹ́yìn náà ni ọdún burúkú dé. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé lè má rántí oṣù kìíní ọdún 1994, àwa ò lè gbàgbé. A sùn pẹ̀lú owó séfà tí à ń ná níbí, ìjọba gé iyì rẹ̀, a jí bá ìlàjì rẹ̀. Gbogbo ohun tó ń ti òkèèrè wá di ọ̀wọ́ngógó. Àwọn onítakisí ò lè ra pààtì tuntun mọ́, ẹni tó bá lè jí òkú ẹ́ńjìnnì dìde ni wọ́n ń wá kiri.

Ẹni náà kì í ṣe Adérógbà. Wàsíù ni.

Ọmọ náà lẹ́bùn. Ohun tí ẹlòmíì bá sọ sórí ààtàn, Wàsíù á mú un, á yí i lọ yí i bọ̀, á fi páálí gé gásíkẹ́ẹ̀tì fún un, ó sì di kó ṣiṣẹ́. Abẹ́ igi kan ló ti ń ṣe é, nínú àdúgbò kan náà. Iwájú gáréèjì Adérógbà sì ni takisí ń gbà kọjá lọ bá a.

Èyí tó burú jù ni pé wọ́n ń tẹ fèrè kí i. "Bonjour, patron," ìyẹn ni pé, ẹ ǹlẹ́ o, ọ̀gá. Takisí yẹ́lò kan á kọjá, òmíràn á tẹ̀ lé e. Adérógbà á na ọwọ́ sókè, á fi ipá rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó gbé àga rẹ̀ lọ sẹ́yìn gáréèjì kó má baà rí wọn. Ó ṣì ń gbọ́ fèrè.

Ìyàwó rẹ̀, Adéjùmọ̀kẹ́, ò mọ̀ pé iná ń jó. Epo ló ń bù sí i.

"Bàbá Àbídèmí, ẹ gbọ́ pé Wàsíù ti ra ilẹ̀?"

"Mo gbọ́."

"Ó ní bíríkì lòun máa fi kọ́ gáréèjì òun, kì í ṣe pákó."

"Mo ní mo gbọ́."

"Ọmọ dáadáa ni. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ ọ."

Ìyìn ni obìnrin náà rò pé òun ń yin ọkọ òun. Ata ló ń fi sí i lójú.

Ní àkókò yẹn gan-an ni òfin tuntun kan ti méérì, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wa, jáde. Bí omi ṣe máa ń kún Bépanda kì í ṣe kékeré. Lọ́dún tó ṣáájú, omi gọ́tà wọ ilé onílé tòun ti ọ́ìlì, kànga di dúdú, àwọn ọmọdé ń yàgbẹ́ gbuuru. Méérì wá ní ẹnikẹ́ni tó bá kọ́ ibi iṣẹ́ tuntun, tàbí tó bá tún ti àtijọ́ kọ́, gbọ́dọ̀ gbẹ́ kòtò asẹ́ sí i. Yàrá mẹ́ta ni kòtò náà ní, òkúta wà nínú èkíní, iyanrìn wà nínú èkejì, ẹ̀kẹta ṣófo. Omi òjò tó bá fọ ilẹ̀ gáréèjì gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá, kó fi ọ́ìlì rẹ̀ sílẹ̀, kó tó gba ihò ìta bọ́ sí gọ́tà.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń jẹ́ Alphonse ni wọ́n rán sí wa. Bàtà òjò ló máa ń wọ̀, ì báà jẹ́ nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Kì í gba ẹ̀bùn, èyí sì ya gbogbo wa lẹ́nu.

Ó sọ fún Wàsíù pé, "Òjò ńlá àkọ́kọ́ tó bá rọ̀, mò ń bọ̀. Màá gbé ìgò sí ẹnu ihò ìta. Tí omi bá mọ́, mo buwọ́ lùwé. Tó bá ní ọ́ìlì, màá fi ọ̀dà pupa fa àgbélébùú sára ògiri rẹ, o ó sì wó o láàárín ọjọ́ mẹ́jọ."

Àgbélébùú pupa yẹn, ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ ọ́n ní Douala. Ilé tí wọ́n bá ti fà á sí lára, ilé àná ni.

Gbogbo ohun tí Wàsíù ní ló dà sínú bíríkì àti sìmẹ́ńtì. Ọjọ́ tó fẹ́ mọ kòtò náà, ó wá kí ọ̀gá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ wá bá mi fi bíríkì àkọ́kọ́ lélẹ̀. Ọwọ́ yín ni mo fẹ́."

Adérógbà lọ, ó fi í lélẹ̀. Nígbà tí kòtò parí, Wàsíù tún pè é, ó mú un yí i ká.

"Ẹ wò ó, ọ̀gá. Bí ẹ bá da odidi agolo ọ́ìlì kan síbí, kò ní jáde. Àfi téèyàn bá lọ da nǹkan sẹ́nu ihò ìta yìí, lẹ́yìn kòtò." Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló máa ṣe bẹ́ẹ̀?"

Adérógbà náà rẹ́rìn-ín. "Kòtò òyìnbó lò ń fowó gbẹ́. Èmi tí mo ti wà níbí kó o tó dé, ta ló bi mí ní kòtò?"

Ẹ ṣáà fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Ó máa padà wá bá a.

Ohun tó já okùn ni ọkọ̀ alátòmátì. Ọkùnrin kan tó ń fi Toyota kó tòmátì láti ọjà Sandaga ti jẹ́ oníbàárà Adérógbà fún ọdún mẹ́sàn-án. Ó gbé ọkọ̀ wá, ẹ́ńjìnnì ò dáhùn. Adérógbà tú u palẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ọkùnrin náà ní, "Patron, ẹ má bínú, tòmátì mi ń rà." Wọ́n fi okùn fa ọkọ̀ náà jáde. Ẹ mọ ibi tí wọ́n fà á lọ.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ náà ń dá rìn bọ̀. Ó tẹ fèrè. Ọkùnrin náà yọ orí síta, ó ní, "Wàsíù ní ẹ̀yin lẹ fi ibi tí àìsàn yẹn máa ń sápamọ́ sí han òun."

Ká ní Wàsíù fọ́nnu ni, Adérógbà ì bá bú u, ì bá tán síbẹ̀. Ìtẹríba náà ló gún un. Ọmọ yìí ń gba oníbàárà lọ́wọ́ òun, ó tún ń gba orúkọ rere mọ́ ọn. "Mo jowú ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́," ló sọ fún mi, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Mo jowú rẹ̀ débi pé òkèlè ò lọ lọ́fun mi mọ́."

Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, ojú ọ̀run ṣú láti àárọ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago kan ọ̀sán lù, Wàsíù àti gbogbo àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ wọ jàlàbíà, wọ́n lọ kírun. Wọn ò ti gáréèjì. Okùn lásán ni wọ́n so mọ́ ẹnu ọ̀nà. Àárín èèyàn ẹni la wà, ta ni wọ́n fẹ́ máa ti ìlẹ̀kùn mọ́?

Kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì dúdú méjì wà lẹ́yìn ilé Adérógbà, wọ́n kún dẹ́nu. Ó wò wọ́n. Ó wo ojú ọ̀run. Ó tún wò wọ́n. Ó rántí ihò ìta.

Ó ní ọkàn kan sọ fún òun pé, "Adérógbà, ọwọ́ tó o fi súre nìyẹn o." Ó sì fi ọwọ́ náà gbé kẹ́ẹ̀gì.

Kò sá pamọ́. Ó gba àárín àdúgbò bí ẹni tó ń gbé ọ́ìlì lọ fún káfíńtà. Èèyàn kí i, ó dá wọn lóhùn. Ó tú okùn, ó wọlé, ó lọ tààrà sẹ́yìn kòtò. Ó da èkíní sẹ́nu ihò. Ó da èkejì. Ọ́ìlì náà ki bí ẹ̀kọ, kò tètè lọ, ó dúró tì í títí ó fi tán. Ó so okùn padà bó ṣe bá a. Ó ti wà nílé kí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ tó já.

Òjò náà rọ̀ bí ẹni pé inú ń bí i. Ní aago mẹ́ta, Alphonse ló ń bọ̀ nínú rẹ̀ yẹn, tòun ti bàtà òjò, agbòòrùn àti ìgò. Àdúgbò tẹ̀ lé e. Adérógbà náà tẹ̀ lé e, ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé òun ń lọ bá ọmọ òun yọ̀.

Alphonse bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìgò sí ẹnu ihò ìta. Nígbà tó gbé e sókè, ohun tó wà nínú rẹ̀ dúdú kirikiri.

"C'est quoi, ça?" ló bi Wàsíù. "Kí lèyí?"

"Chef, kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo inú kòtò."

Alphonse wo yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kì í ṣe òmùgọ̀. "Inú kòtò mọ́," ló wí, "ẹnu ihò dúdú. Ẹnì kan ló da ọ́ìlì síbí. Ta ni?"

Wàsíù kúnlẹ̀ sínú omi. Ó ti ìka bọ ẹnu ihò náà, ó fà á jáde, ó fi àtàǹpàkò ra ohun tó bá bọ̀. Ó rà á títí. Ìyẹ̀fun igi ló ń họ ọ́ lábẹ́ àtàǹpàkò.

Ẹni tó fi ọdún mẹ́fà gbá a jọ, kò lè ṣì í mọ̀. Ó gbé ojú sókè, ó wá ojú ọ̀gá rẹ̀ láàárín èrò, ó rí i. Wọ́n wo ara wọn. Adérógbà ní bí òjò ṣe ń pa òun tó yẹn, òun ń làágùn.

"Mo ní ta ni?" Alphonse tún bi í.

"Èmi ni, chef," ni Wàsíù wí.

"Ìwọ? O gbẹ́ kòtò, o wá ń da ọ́ìlì sẹ́yìn rẹ̀? Ṣé o fi mí ṣe ẹlẹ́yà ni?"

"Ẹ má bínú. Èmi ni."

Alphonse mú búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà. Abẹ́ páànù, níbi tí òjò ò dé, ló ti fa àgbélébùú náà sára ògiri tuntun. Pupa rẹ̀ ṣàn wálẹ̀ lára bíríkì. Ohun tí Adérógbà ń wá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó sì dúró, ó ń retí pé kó dùn.

Ní ìrọ̀lẹ́, òjò ti dá, Wàsíù wá sílé Adérógbà. Aṣọ ìrun ọ̀sán ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó tutù, ó sì di nǹkan kan sínú àkísà lọ́wọ́. Adéjùmọ̀kẹ́ fà á mọ́ra, ó ń sunkún, ó lọ bu oúnjẹ fún un. Kò fọwọ́ kàn án.

"Pẹ̀lẹ́ o," ni Adérógbà wí. Ẹ wá gbọ́ ìyókù, ẹ̀yin èèyàn. Ó ní, "Kí ló tiẹ̀ dé tó o fi da ọ́ìlì síbẹ̀?"

Wàsíù wò ó. "Mi ò mọ ohun tó ṣe mí, ọ̀gá."

"Ó yẹ kó o ti ronú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá." Ó gbé àkísà náà lé itan. "Ṣé kò sí nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ bá mi sọ?"

"Bíi kí ni?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Silas ni, ó gbé àpò ìyẹ̀fun igi lé èjìká.

"Papa, good evening. I don kam for take ma oil."

Jímọ́ọ̀ tí Adérógbà rántí nítorí ìrun Wàsíù, ó gbàgbé rẹ̀ nítorí ọ́ìlì Silas. Owú ti di í lójú pátápátá.

Adéjùmọ̀kẹ́ gba ẹ̀yìn ilé lọ láti gbé kẹ́ẹ̀gì wá. Nígbà tó padà, ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ méjèèjì, ó dorí wọn kodò. Nǹkan kan ò kán sílẹ̀.

"Bàbá Àbídèmí, kẹ́ẹ̀gì yìí kún láàárọ̀. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi dé e."

"Mo ti fún ẹnì kan."

"Ta ni?"

Silas ló dáhùn, kò mọ ohun tó ń sọ. "Papa, I bin see you for afternoon. You bin carry the two can. I think say na me you di bring am, I wait tire."

Obìnrin náà wo ọkọ rẹ̀. Ó wo Wàsíù, tó ti tẹrí ba. Kẹ́ẹ̀gì méjèèjì já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wàsíù, o mọ̀?"

Wàsíù kàn ń wo àkísà ọwọ́ rẹ̀.

"O mọ̀, o wá ní ìwọ ni?"

"Ìyá mi, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n na ìka sí ọ̀gá mi láàárín èrò, níwájú èèyàn méérì?"

Ó tú àkísà náà. Sípánà ọjọ́ fíríídọ̀mù ló wà níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sórí tábìlì níwájú Adérógbà.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀. Tí mo bá ti dì í mú báyìí, ẹnu ihò yẹn ni mo máa máa rí." Ó dìde. "Ó dàárọ̀, ọ̀gá. Ó dàárọ̀, ìyá mi."

Adéjùmọ̀kẹ́ ò pariwo. Ó jókòó síbi tí Wàsíù ti dìde, ó ní, "Ọmọ tó jẹun nínú ìkòkò mi fún ọdún mẹ́fà. Ẹ máa lọ sọ òótọ́ ní méérì, tàbí kí èmi lọ."

Ọjọ́ Sátidé, méérì ò ṣí. Ọjọ́ Sọ́ńdè, Adérógbà ní ara òun ò yá. Ọjọ́ Mọ́ńdè, ó jí bá ìyàwó rẹ̀ tó ti wé gèlè, tó ń wọ bàtà. Ó ní, "Jókòó. Mò ń lọ."

Ó dúró níwájú Alphonse, ó jẹ́wọ́ pẹ̀lú faransé wẹ́wẹ́ tó gbọ́. Alphonse kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kó buwọ́ lù ú, ó sì fagi lé ìwé ìwólulẹ̀ Wàsíù lójú rẹ̀. Adérógbà ti ń dìde nígbà tí ọkùnrin náà bi í pé, "Monsieur, páànù orí gáréèjì yín yẹn, ìgbà wo lẹ pààrọ̀ rẹ̀?"

"Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn ìjì."

"Ògiri ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Òun náà."

"Ẹ ti tún un kọ́ nìyẹn. Kòtò yín dà?"

Lọ́jọ́ kan náà, wọ́n fi ẹfun pa àgbélébùú rẹ́ lára ògiri Wàsíù, wọ́n sì fa òmíràn sára ògiri Adérógbà, wọ́n fún un ní ọgbọ̀n ọjọ́ kó fi gbẹ́ kòtò tirẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbẹ́ kòtò náà. Wàsíù fi ìwé tí wọ́n ya kòtò sí rán Adéjùmọ̀kẹ́ sí i, kó má baà ṣì í gbẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ò wá.

Takisí ṣì ń kọjá. Wọn ò tẹ fèrè mọ́. Adérógbà ti gbé àga rẹ̀ padà síwájú gáréèjì, ó ń retí kí ẹnì kan tẹ̀ ẹ́.

Mi ò ní fi ẹ̀kọ́ gígùn dá yín lágara. Bí ọmọ tẹ́ ẹ kọ́ bá kọjá yín, ẹ jẹ́ kó kọjá, ẹ sì jẹ́ wọ́n tẹ fèrè kí yín. Ìgbà tí wọn ò bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ni ẹ máa mọ̀ pé ọlá yín ni.

Ọdún méjì ti kọjá. Láràárọ̀ tí Wàsíù bá ń lọ ṣí gáréèjì rẹ̀, ó ń tẹrí ba níta, ó ń wí pé, "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá." Kì í wọlé. Ìgbà mẹ́ta ni Adérógbà ti gbéra láti lọ bá a, ó ń dé ibi okùn ẹnu ọ̀nà yẹn, ó ń padà. Ó ní ẹnu òun ò gbà á.

Wàsíù sì máa ń ra ìwé ìròyìn yìí lóṣooṣù, ó máa ń kà á lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ìdí tí Adérógbà fi wá bá mi nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan péré ló ní kí n bá òun fi sí ìparí, bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ náà ni mo ṣe kọ ọ́:

"Wàsíù, gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni mò ń fi gíríìsì pa sípánà rẹ. Kò tíì dípẹtà."